Ẹlẹ́rìí tí Ọ̀rọ̀ Kò Ṣojú Rẹ̀: Èdè-Ìperí fún Ẹ̀rí Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní Kóòtù

Nínú èdè wa, ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni à ń pè ní ẹlẹ́rìí. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn ní Palmgrove, lójú títì Ìkòròdú, ìyá tí ń ta ọsàn lẹ́sẹ̀ afárá ẹlẹ́sẹ̀ lè jẹ́rìí, nítorí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà tí ó yẹ òkú wò, tàbí ẹni tí ó wọn ipa táyà lórí ọ̀dà, kò sí níbẹ̀. Èrò ni ó mú wá sí kóòtù. Òfin kì í sì í gba èrò lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí lásán. Ó gbà á lọ́wọ́ irú àwọn tí abala 68 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 tọ́ka sí, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀ pàtàkì nínú sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà, òfin ilẹ̀ òkèèrè, òfin àti àṣà ìbílẹ̀, tàbí nínú dídá ìkọ̀wé àti ipa ìka mọ̀.

Kí ni kí a máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? "Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì" ti há jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹjọ́ Silverlock ti ọdún 1894, agbẹjọ́rò kan tí ó fúnra rẹ̀ kọ́ nípa ìkọ̀wé ni kóòtù gba èrò rẹ̀. Bí a bá fi ojú yìí wò ó, àgbà òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gba àdúgbò kan, lè sọ̀rọ̀ lórí bébà àti yíǹkì. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ "ẹlẹ́rìí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́".

Ibi tí àtúnṣe ti yẹ nìyí: abala náà béèrè ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kò béèrè ọ̀nà tí ó gbà dé ibi èrò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ Frye ti 1923 ní kí ọ̀nà náà jẹ́ èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́wọ́ gbà. Ẹjọ́ Daubert ti 1993 fi kún un: ǹjẹ́ a ti dán ọ̀nà náà wò, ǹjẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ìwọ̀n àṣìṣe rẹ̀? Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan tirẹ̀. New York ṣì di ti 1923 mú, Florida sì gba ti 1993 ní ọdún 2019. Èkó kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wà lára ohun tí Ìwé Òfin ọdún 1999 fi sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ lè kọ́ yàrá àyẹ̀wò, gẹ́gẹ́ bí Èkó ti ṣí ti DNA ní ọdún 2017, tí iná sì jó o nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ṣùgbọ́n Abuja ni a ó ti tún abala 68 kọ.

Bí wọ́n bá tún un kọ lọ́la, ta ni yóò sọ ọ́ fún olùjẹ́jọ́? Abala 36 Ìwé Òfin fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àkójọ ọ̀rọ̀ ní èdè mẹ́rin tí NERDC gbé jáde ní 1991, ti ilé aṣòfin ni, kì í ṣe ti yàrá àyẹ̀wò. Ẹ wo "ìtẹ̀ka". Ẹni tí ó bá tẹ̀ka mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́: ó ti ìka bọ yíǹkì, ó fi gbá ìwé. Bí ògbufọ̀ bá wí fún ọkùnrin kan pé a rí ìtẹ̀ka rẹ̀ lára ilẹ̀kùn, tí òun sì dáhùn pé òun kò tẹ̀ka síbì kankan, òótọ́ ni ó sọ, adájọ́ yóò sì kà á sí irọ́. "Ipa ìka" ni ó yẹ.

"Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀" fún DNA burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn pé ọkùnrin kan kì í ṣe bàbá ọmọ. Kò lè fi hàn pé òun ni. DNA lè fi èkejì hàn pẹ̀lú ìdánilójú tí ó ga, itọ́ ẹnu sì tó láti fi ṣe é. N kò rí ohun tí ó burú nínú fífi DNA sílẹ̀ bí ó ti wà.

Èyí tí ó ṣòro jù ni èsì àyẹ̀wò. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ á ní ipa méjì bára mu. Ògbufọ̀ á ní "tirẹ̀ ni". "Ó bára mu" fi àyè sílẹ̀ fún ìwọ̀n àṣìṣe, "tirẹ̀ ni" ti dájọ́ tán kí adájọ́ tó lanu. Mo dá a lábàá pé kí a ya "ìbáramu" sọ́tọ̀ fún èsì àyẹ̀wò, kí a sì fi "ìdánimọ̀" sílẹ̀ fún ohun tí adájọ́ bá pinnu.