Ìgbòkun Létí Adágún Jabi

Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, etí adágún Jabi ní Àbújá a máa kún fọ́fọ́. Àwọn kan ń jẹ ẹja yíyan, àwọn kan ń gun ẹṣin, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sì ń gbé àwọn tó sanwó káàkiri orí omi. Ìgbòkun ló ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí pé láti Àbújá yìí kan náà ni wọ́n ti ń bójú tó ìdíje orí omi fún gbogbo Nàìjíríà. Àjọ kan ṣoṣo ló ni oríṣi mẹ́ta pọ̀: oríṣi àjẹ̀ méjì ló ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀, ìgbòkun ló kẹ́yìn. Bó ṣe kẹ́yìn nínú orúkọ náà ló kẹ́yìn nínú ìròyìn. Jonathan Akinyemi díje ní Olympics London lọ́dún 2012, Chierika Ukogu ní Rio lọ́dún 2016, Esther Toko àti Ayomide Bello sì dé Tokyo. Alájẹ̀ ni gbogbo wọn. Ta wá ni ẹni tó ń fi ìgbòkun díje, báwo sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ?

Láti kékeré ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 8 lè dá wa Optimist, ọkọ̀ tó rí bí àpótí, tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi mítà 2.3 lọ. Clark Mills, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é lọ́dún 1947 fún àwọn ọmọdé ìlú Clearwater ní Florida. Ọdún tí ọmọ bá pé 15 ni ìdíje Optimist parí fún un. Ọ̀pọ̀ wọn á wá bọ́ sínú Laser, tí wọ́n ń pè ní ILCA báyìí. Ara ọkọ̀ náà kì í yí padà, mítà 4.23 ni, ìgbòkun ló ń fẹ̀ sí i bí ọmọ ṣe ń dàgbà tó sì ń wúwo.

Ní Atlanta lọ́dún 1996, níbi tí Chioma Ajunwa àti ikọ̀ bọ́ọ̀lù wa ti gba wúrà, ni Laser kọ́kọ́ wọ Olympics. Robert Scheidt, ará Brazil, ló gba wúrà rẹ̀. Ben Ainslie, ọmọ Britain tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ló ṣe ìkejì. Scheidt yìí ṣì wà nínú Laser ní ìdíje Tokyo tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021, lẹ́ni ọdún 48. Iṣẹ́ tó lè gba odindi ọdún 25 nínú ayé èèyàn nìyẹn.

Ó sì ń gba agbára. Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè dojú kọ afẹ́fẹ́ kó lọ tààrà; ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gbà, kó tó yí sí èkejì, kọ́lọkọ̀lọ, bí ọ̀nà tó ń gun òkè. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á fi ẹsẹ̀ há abẹ́ okùn, á na ara síta sórí omi, kí afẹ́fẹ́ má baà dojú ọkọ̀ dé. Itan àti ikùn ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Paul Elvstrøm, ará Denmark, tó gba wúrà ní Olympics mẹ́rin tẹ̀léra láti 1948 sí 1960, kan bẹ́ǹṣì sílé kó lè máa fi kọ́ nínà ara yìí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú eré náà ni ìdájọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ pàdé, èyí tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti apá ọ̀tún rẹ̀ ló ni ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje, kò sí rẹfirí tó máa fọn fèrè. Ẹni tó ṣẹ̀ ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí àwọn tó ti fi sẹ́yìn ń kọjá lára rẹ̀. Bí kò bá gbà pé òun ṣẹ̀, wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ náà létí omi lẹ́yìn eré, tẹlẹ́rìí-tẹlẹ́rìí. Ọmọ ọdún 10 ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mú un.

Owó ló le jù. Ọkọ̀, ìgbòkun tó ń gbó, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì olùkọ́, bàálù àti físà: olùdíje ló sábà máa ń wá gbogbo rẹ̀. Ní South Africa, Asenathi Jim dé London lọ́dún 2012 àti Rio lọ́dún 2016, òun àti Roger Hudson nínú ọkọ̀ kan. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó fi ìgbòkun ṣojú orílẹ̀-èdè náà ní Olympics. Ẹgbẹ́ tó gbà á wọlé, tó sì fún un ní ọkọ̀, ló sọ ẹ̀bùn rẹ̀ di iṣẹ́.

Ìgbòkun kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Kí Lagos Yacht Club tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1932 ni èdè wa ti ní ìgbòkun, ìtọ́kọ̀ àti ìdákọ̀ró. Àwọn tó ń wa yanrìn lórí ọ̀sà Èkó ṣì ń ta ìgbòkun alábùlẹ̀ sórí ọkọ̀ títí dòní, wọ́n sì ń ka afẹ́fẹ́ bí ẹni ń kàwé.

Omi Jabi kò tóbi, ilé àti igi tó yí i ká sì ń da afẹ́fẹ́ rú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nílò irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ó máa ní láti la ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kìlógíráàmù 35 ni ara Optimist, àgbà méjì lè gbé e láti orí ọkọ̀ akẹ́rù dé inú omi. Ó ku ẹ̀wù amúniléfòó, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan fún ìdóòlà, àti olùkọ́ kan tó máa dúró tì wọ́n láràárọ̀ Sátidé. Ẹni ọdún 8 tó bá di okùn ìgbòkun mú níbẹ̀ lónìí ṣì ní ọdún 7 kó tó fi Optimist sílẹ̀.