Fáírọ́ọ̀sì àti Oògùn Rẹ̀: Ìdí Tí A Kò Fi Gbọdọ̀ Dá Lílò Rẹ̀ Dúró



Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń lo oògùn HIV láti ọdún mẹ́ta, àyẹ̀wò rẹ̀ ìkẹyìn sì fi hàn pé a kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó bi mí pé, “Bàbá, nígbà tí wọn kò rí i mọ́, kí ni mo tún ń lo oògùn fún?” Ó gbà kí n kọ ọ́ síhìn-ín, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀.

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ irú ẹ̀dá tí fáírọ́ọ̀sì í ṣe. Ní ọdún 1892, Dmitri Ivanovsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, mú oje ewé tábà tí ń ṣàìsàn, ó sì sẹ́ ẹ nínú asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò lè gbà á kọjá. Síbẹ̀, oje tí ó jò sílẹ̀ ṣì kó àrùn ran ewé mìíràn. Ní ọdún 1898, Martinus Beijerinck, ará ilẹ̀ Netherlands, pe ohun tí ó wà nínú irú oje bẹ́ẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì.

Bakitéríà dà bí onílé: ó ní ilé tirẹ̀ àti ààrò tirẹ̀. Penicillin a máa pa á nítorí pé kì í jẹ́ kí ó lè mọ ògiri ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì kò ní ògiri bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ààrò. Ìwé àṣẹ lásán ni, tí a fi awọ wé. Ìdí nìyí tí oògùn oníkápúsù tí a ń sáré rà fún ọmọ tí ọ̀fìnkìn mú kì í fi í ran ọ̀fìnkìn náà: kò rí ògiri tí yóò wó.

Báwo wá ni fáírọ́ọ̀sì ṣe ń pọ̀ sí i? Èmi tí mo ti jẹ́ akọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò fi iṣẹ́ mi ṣe àpèjúwe. Sẹ́ẹ̀lì ara dà bí ọ́fíìsì tí ìwé ìlànà ńlá kan wà nínú rẹ̀, tí àwọn akọ̀wé sì ń dà á kọ láìsinmi. Wọn kì í béèrè ẹni tí ó kọ ìwé tí a gbé síwájú wọn. Fáírọ́ọ̀sì a yọ́ wọlé, a gbé ìwé tirẹ̀ sórí tábìlì, wọn a sì dà á kọ títí ọ́fíìsì yóò fi bàjẹ́. Ti HIV tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: inú àwọn sójà ara gan-an ni í wọ̀, a sì rán ìwé tirẹ̀ mọ́ inú ìwé ìlànà náà.

Bí a bá da májèlé sí ọ́fíìsì, àti onílé àti àlejò ni yóò kú. Nítorí náà ni àwọn amòye ṣe wá iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì nìkan. HIV a máa mú akọ̀wé tirẹ̀ kan wá, tí ń yí ìwé rẹ̀ padà sí irú èyí tí ó wà nínú ìwé ìlànà. Zidovudine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1987, dà bí lẹ́tà ayédèrú. Akọ̀wé náà a mú un kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà mìíràn kò lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ìlà náà a gé síbẹ̀. Dolutegravir ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí a rí ìwé náà rán mọ́ ìwé ìlànà.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé HIV kì í fara balẹ̀. A máa ṣi lẹ́tà kọ. Nínú àṣìkọ wọ̀nyí ni èyí tí oògùn kan kò lè mú ti í jáde. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí pa oògùn mẹ́ta pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1996, kí èyí tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan má baà bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Ẹni tí ó lo oògùn lónìí, tí ó fò ó lọ́la, àyè ni ó ń fún irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀.

Mo wá dá ìyá náà lóhùn pé: “Oògùn yín ń dá àdàkọ dúró, ṣùgbọ́n kò fa ojú ìwé tí a ti rán mọ́ ìwé ìlànà ya. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, ó wà níbẹ̀, ó ń sùn. Bí ẹ bá pa oògùn tì, kì í pẹ́ tí yóò fi jí. ‘A kò rí i’ kì í ṣe ‘kò sí mọ́’.”

Èrè sùúrù yìí kò kéré. Ẹni tí ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí a kò sì rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Ní ọdún 1994, a fi hàn ní Amẹ́ríkà àti Faransé pé nínú 100 ọmọ tí àwọn ìyá tí ó ní HIV bí, nǹkan bí 25 ni ó ń kó o bí ìyá kò bá lo oògùn. Zidovudine nìkan mú iye náà wá sí nǹkan bí 8. Àwọn oògùn tí a ń pa pọ̀ lóde òní ti mú un lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Aago mẹ́jọ ni mo máa ń lò ó. Ó ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Ó dágbére fún mi, ó sì yára lọ sílé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ra kápúsù fún ọ̀fìnkìn láìbi dókítà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ara líle tan ẹnikẹ́ni nínú ilé yín láti pa oògùn HIV tì. Oògùn náà ni ó so ara ró.