Irúgbìn Ewé Tí A Kò Mọ Ìyá Rẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò sọ̀rọ̀ ẹbọ, mi ò sì sọ̀rọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni mo gbé wá, nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ìtìjú rẹ̀ kò tíì kúrò lójú mi.

Arábìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi, Ifá sì ní kí a fi ewé ẹ̀rọ̀ wẹ orí rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe mọ̀ wọ́n: òdúndún, tẹ̀tẹ̀, rinrin. Mo rán ọmọ awo mi lọ sí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, níbi tí mo ti ń já ewé láti ìgbà tí mo ti kọ́lé sí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn. Nígbà tó padà dé, kò rí òdúndún, kò rí rinrin. Tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ tó rí já, etí rẹ̀ ti ń gbẹ, ó sì ń rùn. Mo gbé e sí imú. Oògùn apakoríko ni.

"Katakata ti wọ ibẹ̀, Bàbá," ló wí. "Ibi tó ṣẹ́kù ni wọ́n fọ́n oògùn sí."

Mo da ewé náà nù, mo sì bẹ arábìnrin yẹn pé kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ wò ó, èmi tí mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, tí mo lè máa dárúkọ ewé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, n kò rí ewé mẹ́ta já ní àdúgbò mi.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ọ̀sanyìn àti Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà ní kó lọ ro oko. Ọ̀sanyìn gbé ọkọ́ dé ibẹ̀, ó wò yíká, kò ro nǹkan kan. Ó ní èyí ń wo ibà, èyí ń wo orí, èyí wà fún ọmọ bíbí, èwo ni kí òun gé? Láti ọjọ́ yẹn ni Ọ̀rúnmìlà ti mú un jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Àwa tí a ń sọ ìtàn yìí fún àlejò, àwa náà la ń da kọnkéré dé ẹnu géètì.

Nítorí náà, mo yọ̀ǹda ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́yìn ilé mi. Mo ní kó di pápá ewé, kí ewé ilẹ̀ wa máa hù níbẹ̀, kó máa tanná, kó máa so. Ìyàwó mi ti ń retí pé a óò kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó dákẹ́, ó sì tún bi mí pé, "Níbo lẹ ó ti rí irúgbìn?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì kọ́kọ́ ṣì í dáhùn. Ẹnì kan ta ìgò irúgbìn kan fún mi, ó búra pé tẹ̀tẹ̀ ìbílẹ̀ ni. Èyí tó hù nínú rẹ̀ kò tó ìdajì. Èyí tó sì hù, tẹ̀tẹ̀ ọjà tí wọ́n ń gbìn sí àkùrọ̀ ló pọ̀ jù, ewé Akíntọ́lá sì yọrí láàárín wọn. Akíntọ́lá yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé àárín irúgbìn igi mẹlaínà ló fara pamọ́ sí wọ Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1930. Kì í ṣe pé kò wúlò, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n ibi tó bá gbà, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn mí. Oṣù méjì ni mo fi ń fà á tu.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n pé irúgbìn tí a kò bá mọ ìyá rẹ̀, kò yẹ kó wọ inú ọgbà awo. Mo pinnu pé ọwọ́ ara mi ni n óò fi máa kó o. Ìdí ewé kan náà ni mo ń lọ nígbà mẹ́ta: nígbà tó ṣì ń sọ ewé, nígbà tó tanná, nígbà tó gbó. Bí ojú mi kò bá dá a mọ̀ dáadáa, mo máa ń mú ẹ̀ka rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ FRIN ní Jericho, n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n kó ewé gbígbẹ tòun ti orúkọ rẹ̀ pamọ́ sí.

Mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, mo sì ń júbà Ọ̀sanyìn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, n kì í fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Bí mo bá rí ìdí mẹ́ta níbòmíràn, ara ọ̀kan ni mo ń gbà, kí ilẹ̀ àti ẹyẹ lè rí tiwọn.

Ewé kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà àti ọ̀nà tirẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ẹ gbọn orí rẹ̀ sínú igbá, èyí tó dúdú tó ń dán ni ó gbó. Efinrin, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí rẹ̀ tó ti gbẹ. Yánrin àti ebòlò, ẹ tètè dé ibẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó gbé òwú wọn lọ. Ejìnrìn, ẹ dúró kó pọ́n kó là, kí ẹ fọ ẹran pupa ara irúgbìn rẹ̀ kúrò. Ṣawerepèpè ní tirẹ̀, ẹ wọ ṣòkòtò àlòkù gba àárín rẹ̀ kọjá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé yín délé. Àmọ́ òdúndún, pẹ̀rẹ̀gún àti akòko, ẹ gé ẹ̀ka wọn rì mọ́lẹ̀. Rinrin, ẹ hú u tòun ti erùpẹ̀ lọ sí ibi tó tutù tó ní ibòji.

Ẹ sá irúgbìn náà sí ibòji. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì tutù, yóò bu. Ìgò ni mo ń kó o sí, mo ń da eérú gbígbẹ sí ìsàlẹ̀, mo ń fi bébà lé eérú náà, mo sì ń kọ orúkọ, ibi tí mo ti rí i àti oṣù sí ara rẹ̀. Kí òjò tó dé, mo ń ka 10 sórí aṣọ tútù. Bí 7 bá hù, ọkàn mi balẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ń fi iyanrìn po irúgbìn wẹ́wẹ́, mo ń fọ́n ọn, mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ jìnnà.

Aládùúgbò mi kan pariwo pé, "Bàbá Awo, ejò ń bọ̀ o!" Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mo gé ẹ̀bá ọgbà náà mọ́lẹ̀, mo la ọ̀nà tí a ń gbá ní àràárọ̀ sí àárín rẹ̀, mo sì kọ orúkọ ewé sára pákó. Ní báyìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń wá ka pákó yẹn fún mi.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl kò rí ẹrù dì lọ. Síbẹ̀, akòko àti pẹ̀rẹ̀gún wà ní ilé òrìṣà ní Bahia títí dòní, orúkọ tí a ń pè wọ́n nílé náà ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Kí ni àwa tí ilẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa fẹ́ wí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ òfìfo tó wà nítòsí yín, ẹ gbé igbá lọ síbẹ̀ kí katakata tó dé. Agbada kan lẹ́nu ọ̀nà tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ awo mi yẹn ti ọ̀nà oko dé, ó jókòó sórí àkàbà, ó ń ṣa ṣawerepèpè kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò dà á nù. Ó ń kó o sórí bébà, ó ti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀sanyìn á gbè wá o. Àṣẹ.