Kí Wọ́n Tó Da Ọ̀dà
Iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ni mo ń ṣe ní Lokongoma, Lọ́kọ́ja. Bí mo bá rí katakata tó ń hú títì, páìpù ni ọkàn mi máa ń kọ́kọ́ lọ bá.

Nígbà tí ọ̀nà bá ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa, gbígbẹ́ kòtò kò le. A ó tẹ́ yanrìn sísàlẹ̀ kí òkúta má baà gún páìpù, a ó fi yanrìn bò ó, a ó wá na ọ̀rá aláwọ̀ títàn sókè rẹ̀, kí ẹni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ lọ́la lè fura. Níbi tó bá ti gba abẹ́ títì kọjá, inú páìpù ńlá la ó kì í sí. Ó dáa kí páìpù ńlá míì ṣófo sílẹ̀ de wáyà ọjọ́ iwájú. Iná àti omi kì í sì í jọ sùn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra.

Tí wọ́n bá ti da ọ̀dà tán, ẹni tó fẹ́ fa omi wọlé á dá títì tuntun lu, òjò á sì sọ ojú àpá náà di kòtò.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2007, nọ́ńbà 811 lèèyàn ń pè kó tó gbẹ́lẹ̀. Àwọn tó ni wáyà àti páìpù á wá fi ọ̀dà kun ojú ibi tí wọ́n gbà kọjá: pupa fún iná, búlúù fún omi. Ní Nàìjíríà níbí, ní 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó dáàbò bo wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì àti irú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Inú orí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni àwòrán páìpù wa wà. Àwọn ni mo máa ń tẹ̀ láago.