IDẸ TÍ Ó DI ÈRE LÁRA ÈNÌYÀN

Nígbà tí a bá fẹ́ ra ohun ọ̀ṣọ́, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń bi alágbẹ̀dẹ wúrà ni pé, “Báwo ni ó ti wúwo tó?” Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi hàn pé ìwọ̀n nìkan kò tó.

Arthur Smith ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀. Ilẹ̀ Kúbà ni wọ́n bí i sí ní 1917, kí wọn tó kó lọ sí Brooklyn ní New York ní 1920. Ó kọ́ iṣẹ́ ère ní ilé-ẹ̀kọ́ Cooper Union, ó sì jáde ní 1940. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ Winifred Mason, obìnrin aláwọ̀ dúdú bí tirẹ̀.

Ní 1946 ó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀ ní òpópó Cornelia, ní àdúgbò Greenwich Village. Àwọn kan tí kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú láàárín wọn fọ́ fèrèsé rẹ̀. Smith kò káwọ́ lérí. Ó kó lọ sí òpópó West Fourth tí kò jìnnà, ibẹ̀ ni ó sì ti ń tajà títí di 1979.

Idẹ àti bàbà tí kò wọ́n ni ó fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú fàdákà. Òbìrìkìtì, igun àti ìlà títẹ̀ ni ó ń tò papọ̀. Ère tí a gbé kalẹ̀ a máa dá dúró fúnra rẹ̀, ẹni tí ń wò ó ni yóò yí i ká. Ti Smith kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ara ènìyàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun èlò iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí idẹ àti àyè òfìfo tí ó wà láàárín idẹ ti jẹ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kan tí a ń pè ní Lava bo apá láti ọrùn-ọwọ́ lọ sókè, pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, bí omi tí ń ru. Lórí tábìlì, idẹ tí a tẹ̀ ni. Lápá ènìyàn, ère tí ń rìn ni.

Iṣẹ́ tí ó ṣe fún àwọn oníjó bí ẹgbẹ́ Talley Beatty ni ó mú un láyà láti ṣe ohun ńlá. Nítorí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá gbọ́dọ̀ rí ọ̀ṣọ́ náà, kò sì gbọdọ̀ dí ẹsẹ̀ ijó lọ́wọ́. Ó ṣe bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù fún Duke Ellington, olórin ńlá nì, ó sì fi ìbẹ̀rẹ̀ orin ọkùnrin náà ṣe àwòrán ara rẹ̀.

Smith kú ní 1982. Ní 2008, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé láti wò, ní ìlú kan náà tí a ti fọ́ fèrèsé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùrajà, ẹ gbé ọ̀ṣọ́ lé òṣùwọ̀n bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́rùn, ẹ fi sọ́wọ́, kí ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ tó sanwó.