Imú Dídí Lẹ́yìn Omíyalé: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Egungun Ojú



Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti Dáàmù Ọ̀yán, odò Ògùn a máa kún wọ ilé wa. Omi lè fà, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin kì í tètè kúrò lára ògiri àti bẹ́ẹ̀dì. Ohun dúdú tó ń hù sára ògiri tó tutù, irú èyí tó máa ń bo búrẹ́dì tó bá bu, ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Èéfín èédú, jẹnẹrétọ̀ àti kọ́ìlì ẹ̀fọn tún wà níbẹ̀. Gbogbo wọn lè mú kí imú dí, kí iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì máa dunni.

Kí ló ń fa ìrora náà?

Nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti àárín ojú méjèèjì, àwọn yàrá kéékèèké wà tí afẹ́fẹ́ kún inú wọn. Dókítà ń pè wọ́n ní sáínọ́ọ̀sì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tóóró tó já sí imú. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ikun ń gbà jáde. Awọ inú wọn ní irun tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbá ikun, eruku àti kòkòrò àìsàn síta bí ìgbálẹ̀.

Bí awọ imú bá wú, ẹnu ọ̀nà yẹn á dí. Afẹ́fẹ́ tuntun kò ní wọlé mọ́, ara á sì máa fa ọ́síjìn tó kù níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé ọ́síjìn tán nínú ilé o. Inú yàrá tó dí yẹn ló ti dín kù.

Nígbà náà, nǹkan mẹ́ta ń ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, irun náà kò lágbára mọ́ láti gbálẹ̀. Ikun á dúró, á sì ki. Èkejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tó so mọ́ra bí búlọ́ọ̀kù ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára wọn, kòkòrò á sì ráyè wọlé. Ẹ̀kẹta, sẹ́ẹ̀lì á mọ̀ pé ọ́síjìn ti dín kù, á sì rán àmì jáde tó lè mú kí awọ náà túbọ̀ wú. (Àwọn tó ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ èyí, William Kaelin, Peter Ratcliffe àti Gregg Semenza, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019.) Bí awọ ṣe ń wú ni ọ̀nà ń dí sí i. Bí èyí bá kọjá ọ̀sẹ̀ 12, ó ti ń di bárakú nìyẹn.

Nítorí náà, iṣẹ́ wa ni pé kí ẹnu ọ̀nà náà ṣí.

Ohun tí ẹ lè ṣe

• Ẹ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án. Ẹ dáná níta, kí jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn.

• Ẹ fi omi iyọ̀ fọ imú. Ẹ se omi pure water kan (50cl) kó hó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì po ṣíbí tíì iyọ̀ kan mọ́ ọn. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ rọra fà á sí ihò imú kan, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn jáde, lẹ́yìn náà èkejì. Ẹ da èyí tó bá ṣẹ́ kù nù lọ́jọ́ náà.

• Ẹ má ṣe fi omi kànga, omi ẹ̀rọ tàbí pure water tí ẹ kò sè fọ imú. Kòkòrò kan wà tó lè gba imú dé ọpọlọ. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pani.

• Oògùn tí à ń kán sí imú tó dí, ẹ má lò ó ju ọjọ́ 3 lọ. Bó bá pẹ́, imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

• Ẹ má dá ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́místì. Ọ̀fìnkìn ló sábà ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀ràn yìí, oògùn náà kì í sì í ran ọ̀fìnkìn.

Ẹ lọ rí dókítà bí kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n bí ìpéǹpéjú bá wú, tí ẹ ń rí nǹkan kan ní méjì, tí ọrùn le gan-an, tí orí fọ́ kọjá àlà tàbí tí ẹni náà ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.