Ọ̀rọ̀ Àjẹsára: Kí Ọlọ́mọ Fúnra Rẹ̀ Ka Ọmọ

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn kò sọ ọ́ lásán. Ní ayé ìgbà tí Olóde ń jà, tí èéyi sì ń kó ọmọ lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ta ni yóò fẹ́ kí àjèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà òun, kí ó máa na ìka sí àwọn ọmọ òun? Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, tí kíka ènìyàn sì di ọ̀nà àtigba owó orí, ìfura náà tún le sí i. Nítorí náà, kì í ṣe ohun ìyanu pé ní Agbárá, ní Ọ̀tà àti ní Sàngó-Ọ̀tà, bí tẹlifóònù bá dún, tí ohùn tí a kò mọ̀ sì béèrè iye ọmọ tí ó wà nínú ilé àti àjẹsára tí wọ́n ti gbà, ẹlòmíràn yóò pa ẹ̀rọ náà kíá.

Èrò tiwa ni pé ó yẹ kí a tún ọ̀ràn yìí rò. Ẹni tí ó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ ni ó ń bẹ̀ pé kí ó ka ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó mọ ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn mọ ohun tí iye jẹ́. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 460,000. Ní 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n lé ní 800,000. Ètò rere ni, ìran wa sì ń jẹ èso rẹ̀ títí di òní; ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó gboyè kò tó, àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́ ni a fi dí àyè púpọ̀. Kò sí ètò ọmọdé kan, bí ó ti wù kí ó dára tó, tí ó lè ṣe láìmọ iye ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àjẹsára. Ní 1979 ni orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára ọmọdé tí ó gbòòrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, sì fi gbogbo ara tì í lẹ́yìn. Èrè àjẹsára hàn gbangba: a kéde ní 1980 pé Olóde ti kúrò láyé, a sì kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àbáláyé ti tán ní Áfíríkà. Síbẹ̀, ìwádìí ìlera ìdílé ti 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí ó wà láàárín oṣù 12 sí 23, 31 péré ni ó gba gbogbo àjẹsára ìpìlẹ̀.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, ṣé ìwé kò sí ní ilé ìwòsàn ni? Ó wà. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí a fún ọmọ ni ìwé náà ń kà. Kò lè mọ ọmọ tí a kò gbé wá. Nígbà tí a wá ìdí ọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé ní 2016 sí 2017, a rí i pé nǹkan bí ọmọ 33 nínú 100 ni ó gba abẹ́rẹ́ alápapọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, iye tí ó kéré jọjọ sí èyí tí ìwé àwọn ibùdó ìlera ń sọ. Ọ̀ràn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kéde ètò pàjáwìrì lórí àjẹsára ní 2017.

Ẹ wo Agbárá fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó pe èrò jọ síbẹ̀, láti ilẹ̀ Yorùbá àti láti ibòmíràn, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì. Ayálégbé kì í pẹ́ kí ó tó kó ẹrù. Ìyá lè gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá kí ó ti kó wá sí Agbárá, kí owó ilé sì tún lé e lọ sí Lùsadà tàbí Àtàn. Ìwé ilé ìwòsàn wo ni yóò rí ọmọ náà? Káàdì ọwọ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni.

Ìwádìí orí tẹlifóònù kì í ṣe ohun titun. Láti 1994 ni Amẹ́ríkà ti ń pe àwọn òbí lórí tẹlifóònù láti mọ bí àjẹsára ọmọdé ti tàn tó. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, tí a kò lè wọ ilé onílé, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ka iye nǹkan pe nǹkan bí ìdílé 1,950 káàkiri Nàìjíríà láti mọ bí ayé ti rí fún wọn. Ẹni tí ń se ọbẹ̀ kò ní láti mu gbogbo ìkòkò kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ dùn. Bí ó bá ti rò ó dáadáa, ìwọ̀nba tí ó tọ́ wò tó. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí iṣẹ́ kò fún láyè bá kọ̀ láti dáhùn, tí ó jẹ́ kìkì àwọn tí ara tù ni ó sọ̀rọ̀, irọ́ ni ọbẹ̀ náà yóò pa.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín, ẹ dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ baba ni tẹlifóònù wà, kí ó fà á fún ìyá, kí ìyá mú káàdì. Ọjọ́ tí a bí ọmọ, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, oṣù 9 àti oṣù 15: àwọn ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ọ̀kan bá fò, ẹ sọ òtítọ́, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ gbà á.

A mọ̀ pé ẹlẹ́tàn pọ̀ lórí tẹlifóònù. Ìwádìí àjẹsára kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú nọ́ńbà báǹkì tàbí nọ́ńbà àṣírí. Ẹni tí ó bá béèrè wọn, ẹ pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó rán an, kí ẹ sì wádìí ní ibùdó ìlera tí ó súnmọ́ yín.

Àwọn tí ń ṣe ìwádìí náà ní ojúṣe tiwọn. Kí wọ́n sọ èdè tí ìyá gbọ́. Kí wọ́n rántí pé òṣìṣẹ́ tí ó ṣe iṣẹ́ òru ń sùn ní ọ̀sán. Kí wọ́n pa àṣírí mọ́, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ìdílé tí kò ní tẹlifóònù, nítorí níbẹ̀ ni ọmọ tí a kò rí lè wà jù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni òbí ń fetí sí. Ẹ la ọ̀rọ̀ yìí yé wọn ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí a fi òṣèlú bà á jẹ́. Èéyi kì í béèrè káàdì ẹgbẹ́ kí ó tó wọlé. Káàdì àjẹsára nìkan ni ó ń bẹ̀rù.